Bí A Ṣe Ń Fi Ekòló Dán Ilẹ̀ Tí Òjé Ti Bà Jẹ́ Wò

Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀, tí òjé inú rẹ̀ ń dà sílẹ̀, ekòló lè kọ ilẹ̀ náà. Awọ ara ló fi ń mí, ó sì ń gbé erùpẹ̀ mì, nítorí náà májèlé inú ilẹ̀ kì í pẹ́ dé ara rẹ̀.

Wọ ìbọ̀wọ́, kí o fi aṣọ bo imú. Bu erùpẹ̀ ibi tí o fura sí. Lẹ́yìn náà, wá erùpẹ̀ tó mọ́ láti ibòmíràn. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ yanrìn tí èkejì sì jẹ́ amọ̀, ibi tó bá tẹ́ ekòló lọ́rùn ni yóò lọ, kì í ṣe òjé ló lé e. Ásíìdì bátìrì náà ń sọ ilẹ̀ di kíkan, ekòló sì kórìíra kíkan. Nítorí náà fi pépà tí a fi ń wo kíkan yẹ méjèèjì wò, kí o sì rọ wọ́n lómi dọ́gba.

Fi páálí pín abọ́ oníke sí méjì, da erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí apá tirẹ̀, kí o yọ páálí náà. Kó ekòló 10 tó ti dàgbà, àwọn tó ní òrùka wíwú bíi bẹ́líìtì lára, sójú ààlà. Má fún wọn lóúnjẹ. Fi ìdérí tí a lu ihò sí bò ó, kí o gbé e síbi tútù fún wákàtí 48. Ṣe abọ́ márùn-ún báyìí, àti mìíràn tí ilẹ̀ mímọ́ wà ní apá méjèèjì. Bí ekòló kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba nínú ti ìkẹyìn yìí, tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Dá páálí padà, kí o kà wọ́n. Èyí tó bá dábùú ààlà, ka ìdajì síbí, ìdajì sọ́hùn-ún. Bí ti inú ilẹ̀ tí o fura sí kò bá tó 10 nínú 50, ilẹ̀ náà kò ṣeé gbé fún ekòló mọ́.

Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, má tìtorí ìyẹn gbin ẹ̀fọ́. Òjé tí kò lé ekòló lè ti ọwọ́ ọmọdé dé ẹnu rẹ̀. Gbé erùpẹ̀ náà lọ sí láàbù kí wọ́n wọn òjé inú rẹ̀. Ní ti àwọn ekòló yẹn, má fi wọ́n bọ́ adìẹ, má sì dá wọn padà sóko, torí òjé tí wọ́n gbé mì ṣì wà lára wọn.