Àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí ímeèlì ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn, pàápàá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti alájẹṣẹ́kù, ṣì ń lo mailing list: ẹnì kan á kọ ìwé sí àdírẹ́sì ẹgbẹ́, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ímeèlì) á sì pín in fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí ìwé ìpàdé ò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, a máa ń sọ pé, "Ẹ wo spam yín." Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé tí Gmail bá kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kì í sí nínú spam.

Ohun mẹ́ta ni Gmail fi ń mọ̀ bóyá ìwé wá lọ́dọ̀ ẹni tó ní òun kọ ọ́. SPF ló ń sọ sáfà tó láṣẹ láti fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ dòméènì kan (orúkọ tó tẹ̀lé @ nínú àdírẹ́sì). DKIM ni èdìdì tí wọ́n ń lù sára ìwé kó tó jáde. DMARC á wò bóyá ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì yege, tó sì bá dòméènì tó wà ní From (ibi tí àdírẹ́sì ẹni tó kọ̀wé máa ń wà) mu. Òun náà ló ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Yahoo ní kí wọ́n má ṣe gba ìwé yòówù tó ní yahoo.com ní From tí kò bá yege. AOL ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kan náà.

Àṣìṣe tó burú jù ni ká fọwọ́ kan ìwé oníwèé, ká sì tún fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní From. List á fi orúkọ ẹgbẹ́ síwájú àkọlé, á lẹ àlàyé mọ́ ìsàlẹ̀; èdìdì ti já nìyẹn. SPF lè yege fún dòméènì ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò bá ti Yahoo mu.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Gmail ò ní gba ìwé tí ẹlòmíràn fi Yahoo kọ, Mailman (ètò tí ọ̀pọ̀ list ń lò) á sì ka ìkọ̀sílẹ̀ náà sí ẹni tí wọ́n ń gbé ìwé lọ fún lọ́rùn. Tó bá pọ̀ díẹ̀, á dáwọ́ ìwé onítọ̀hún dúró bí ẹni pé àdírẹ́sì rẹ̀ ti kú. Bàbá tó ń san owó ẹgbẹ́ déédéé ní Mọ́kọ́lá ò ní gbọ́ nípa ìpàdé mọ́, a ó sì máa sọ pé kò bìkítà. Ẹ má yọ irú wọn kúrò, ẹ má sì kàn dá wọn padà láìtún list ṣe.

Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n pa Yahoo tì. Dòméènì tó ní irú òfin yìí ti pọ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú Mailman, ẹ yan "Munge From", kí àdírẹ́sì list wà ní From, kí ti ẹni tó kọ̀wé wà ní Reply-To. Tí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi àkọlé àti ara ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà.

Dòméènì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní SPF àti DKIM. Ẹ má sọ pé ẹgbẹ́ wa kéré: láti oṣù kejì ọdún 2024, Google ń béèrè ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé sí Gmail, ó sì ń béèrè méjèèjì pẹ̀lú DMARC lọ́wọ́ ẹni tó ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ lójúmọ́. Ẹ má kọ SPF méjì sórí dòméènì kan. Ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé ọmọ tó bá yín ra dòméènì nìkan ló mọ password DNS (ibi tí wọ́n ń kọ SPF àti DKIM sí), nítorí ó lè ti kúrò nílùú lọ́jọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ fi àdírẹ́sì Yahoo kọ̀wé sí list, ẹ ṣí i nínú Gmail, kí ẹ tẹ "Show original". Ẹ wo ohun tó wà níwájú SPF, DKIM àti DMARC: PASS ló yẹ kó wà níbẹ̀.