Nọ́ọ̀tì tó wọlé tí kò dì: ìrírí mi lórí Land Rover bàbá mi

Owó tí bíréèkì gbà lọ́wọ́ mi lórí Land Rover bàbá mi ju owó tí ẹ́ńjìnì gbà lọ, ó sì jù ú lọ fíìfíì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnì ni gbogbo èèyàn fi ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ sọnù, kí n fi ti Toyota sí i, pé yóò gbẹ owó lọ́wọ́ mi. Ẹ́ńjìnì ò yọ mí lẹ́nu. Nọ́ọ̀tì kan tí kò ju orí ìka lọ ló yọ mí lẹ́nu, òun àti ọkùnrin kan tó ní "á wọlé."

Series III ni ọkọ̀ náà, oní-109. Íǹṣì ni nọ́ńbà yẹn, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Oní-88 ni èyí tó kúrú. Láti 1971 di 1985 ni wọ́n fi ṣe Series III, ilé-iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn sì to Land Rover pọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Gbàǹjo ìjọba ni bàbá mi ti ra tiwọn. Wọ́n fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa lọ́nà Ìtòìkín wá sí Ẹ̀pẹ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, tí ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn há, tiwọn ni wọ́n máa ń wá bẹ̀ pé kó wá fa àwọn jáde. Látìgbà tí wọ́n ti ṣaláìsí ló ti dúró lẹ́yìn ilé wa ní Ayétòrò, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá títí, wọ́n ń fi owó lọ̀ wá. Èmi ni mo kọ̀. Tíṣà ni mí, mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo ti mọ orúkọ sípánà, èmi ni mo máa ń tan iná tọ́ọ̀ṣì fún bàbá mi.

Mi ò ní fi ẹ́ńjìnì dá yín dúró. Mo fa bẹntiróòlù tó ti bàjẹ́ jáde, mo fọ táǹkì, mo tú kabúrétọ̀ mo sì fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo fi sáńpépà ra ojú pọ́ńtì, mo kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kí n tó fi ọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnì lítà 2.25 tó ní sílíńdà mẹ́rin ni, kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní sẹ́ńsọ̀ kankan. Bí epo bá ń dé ibẹ̀, tí iná sì ń tàn nínú àwọn sílíńdà náà tẹ̀léra wọn ní 1-3-4-2 bó ṣe yẹ, kò sóhun tó máa dá a dúró. Ó jí. Màmá mi gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, wọ́n sáré jáde tàwọn ti èéfín lójú, wọ́n dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá mi. Kò sí owó tó lè ra ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Wáyà, àga, ọ̀dà, àwọn yẹn ò ní wàhálà; ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ á bá yín ṣe é. Ti ṣáásì nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Alumíníọ̀mù ni bọ́dì Land Rover, nítorí irin ṣọ̀wọ́n ní England lẹ́yìn ogun, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1948. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa tan èèyàn jẹ: bọ́dì á mọ́lẹ̀ kedere, ṣáásì tó wà lábẹ́ sì jẹ́ irin, inú ló ti ń dógùn-ún bọ̀ síta. Ọ̀rinrin ọ̀sà kì í sì í jẹ́ kí irin gbẹ lọ́dọ̀ wa. Mo fi òòlù kékeré kan ṣáásì náà látòkè délẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tí ohùn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Wẹ́dà fẹ́ lẹ irin tuntun mọ́ orí ìpẹtà. Mo ní rárá o, kó gé èyí tó ti jẹrà kúrò ná. Ó bínú, àmọ́ ó gé e, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára.

Sípánà náà ńkọ́? Íǹṣì ni ọkọ̀ yìí ń lò: 7/16, 1/2, 9/16. Sípánà 13 tó wà lọ́wọ́ gbogbo mẹkáníìkì wa á wọ orí nọ́ọ̀tì 1/2, torí pé mìlímítà 12.7 ni. Tí nọ́ọ̀tì bá wá le, sípánà á yọ̀, á jẹ igun rẹ̀ títí yóò fi di róbótó. Nínú àwọn tí mo lò, 19 nìkan ló bá 3/4 mu dáadáa. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì oní-íǹṣì kan, tòkunbọ̀, kò sí ohun tí mo rà lórí iṣẹ́ yìí tó wúlò tó o.

Bíréèkì wá kàn.

Nínú oní-109, sílíńdà bíréèkì, èyí tí fúlúùdì fi ń ti bàtà bíréèkì mọ́ dúrọ́ọ̀mù, méjì ló wà ní táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo ní ti ẹ̀yìn. Mẹ́fà lápapọ̀, gbogbo wọn ló sì ti dógùn-ún mọ́ písítìnì inú wọn. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́ lọ sọ́jà kí wọ́n má baà gbé nǹkan mìíràn fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà gbà á, ó gbé tuntun jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kántà. Gígùn wọn bára mu, ihò bóòtù wọn bára mu. Mo bi í bóyá ti íǹṣì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Land Rover ni Land Rover. Á wọlé."

Mo ní tí kò bá wá wọlé ńkọ́. Ó ní kí n gbé e padà wá. ₦210,000 ni mo san fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó wọlé lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní kò wọlé rárá ni, ǹ bá ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì páìpù wọ inú sílíńdà, mo fi sípánà fún un díẹ̀, ó dì. Mo da fúlúùdì sí másítà, ìyẹn sílíńdà àgbà tí pẹ́dà ń tì. Ká lè lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ọmọ àbúrò mi jókòó sídìí pẹ́dà, èmi wà lábẹ́: "Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Fi sílẹ̀." Afẹ́fẹ́ jáde, fúlúùdì jáde, síbẹ̀ pẹ́dà ń lọ sílẹ̀ ráúráú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, fúlúùdì ti kán sílẹ̀ lábẹ́ táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó sì ti bó ọ̀dà tuntun tó wà lára rímù. Fúlúùdì bíréèkì a máa jẹ ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ kun rímù, kó parí bíréèkì ná.

Ìmọ̀ràn wá ń ya wọlé. Mẹkáníìkì àdúgbò ní másítà ni. Mo ra másítà. Kò yí nǹkan kan padà. Òmíràn ní bàtà bíréèkì ló ti jẹ tán. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù fún un, ó rí i pé bàtà ṣì nípọn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká da omi ọṣẹ sí i ká fi mọ ibi tó ń jò, ẹlòmíràn ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló nípọn tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún wọn. Omi á jẹ inú sílíńdà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á sì wú rọ́bà inú rẹ̀ títí bíréèkì yóò fi há. Níkẹyìn, mẹkáníìkì náà ní nọ́ọ̀tì ni kò le tó. Ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó fún un, nọ́ọ̀tì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo. Ó ti já.

Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó ní fúlúùdì ti kàn án, pé ọjà tó bá ti kan fúlúùdì kì í padà sórí kántà. Mo rán an létí ohun tó sọ. Ó ní ohun tóun sọ ni pé á wọlé, ṣé kò wọlé ni? Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lójú mi bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkòròdú, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò bi mí léèrè nípa másítà rárá. Wọ́n ní kí n gbé sílíńdà àtijọ́ àti tuntun kalẹ̀, kí n fún àwọn ní nọ́ọ̀tì kan tí kò tíì já. Wọ́n yí nọ́ọ̀tì náà wọ inú tuntun láìsí páìpù, wọ́n fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú, wọ́n mì í sọ́tùn-ún, wọ́n mì í sósì. Nọ́ọ̀tì ń jó nínú ihò. Wọ́n tú u, wọ́n nu ìpẹtà ẹnu ti àtijọ́, wọ́n yí i wọ ibẹ̀, wọ́n tún mì í. Kò mira.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. Wọ́n wá mú irin ìwọ̀n. Nọ́ọ̀tì ọkọ̀ mi jẹ́ 3/8 íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 9.5, eyín 24, ìyẹn ìlà tó yí ara nọ́ọ̀tì ká, ló sì wà nínú íǹṣì kan. Mìlímítà 10 ni wọ́n gbẹ́ ihò sílíńdà tuntun fún, mìlímítà kan láti eyín dé eyín. Tẹ́ ẹ bá fi 24 pín íǹṣì kan, ẹ ó rí mìlímítà 1.06. Eyín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu tán, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì fi ń yí wọlé láìjà. Ṣùgbọ́n ihò gbòòrò jù ú, góńgó eyín nìkan ló ń kan ara wọn. Ó dì lọ́wọ́ sípánà, kò lè dì lábẹ́ agbára fúlúùdì. Wọ́n tún ṣàlàyé pé lára àwọn Series III tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ti bọ́ sí mìlímítà níbi bíréèkì. Ti Land Rover ni wọ́n tà fún mi lóòótọ́, kì í ṣe ti irú ọkọ̀ mi. Ẹni tó bá ń ta bíréèkì fún èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn. Kì í ṣe rẹdíò ló ń tà. Ká ní nọ́ọ̀tì yẹn rọ́jú dì fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó já ńkọ́, lójú ọ̀nà Ìtòìkín, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ àti èèyàn lẹ́yìn?

Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá mi gbẹ́ nọ́ọ̀tì tó máa bá tuntun mu. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnu páìpù àti ìdí ihò náà gbọ́dọ̀ bára mu, pé bíréèkì kì í ṣe ohun tí àwọn máa ń dá ọgbọ́n sí. Wọ́n júwe ọ̀gá kan fún mi ní Ládípò, ẹni tó ti ń ta nǹkan Land Rover tipẹ́. Ọ̀gá yẹn so nọ́ọ̀tì oríṣiríṣi mọ́ okùn kan létí kántà, ó sì ń fi wọ́n dán gbogbo ihò wò lójú oníbàárà kó tó gba owó. Sílíńdà ilé-iṣẹ́ Girling ni ó kó fún mi, oní-íǹṣì. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì san án tayọ̀tayọ̀. Mo tún ra páìpù kọ́pà tuntun pẹ̀lú nọ́ọ̀tì 3/8 rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ rí nǹkan kan tí ọwọ́ wàhálà yẹn ti kàn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì kan lára páìpù ọkọ̀ yín gan-an, kẹ́ ẹ fi sápò lọ sọ́jà. Sílíńdà àtijọ́ nìkan ò tó, torí ìrísí ìta lẹni tó ń tà á máa wò. Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì náà wọlé láìsí páìpù lójú ẹni tó ń tà, kẹ́ ẹ mì í. Tó bá jó, ẹ gbé e sílẹ̀. Ohun kejì: kẹ́ ẹ tó lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi nọ́ọ̀tì ìfàmọ́ tó wà lẹ́yìn táyà fún bàtà bíréèkì mọ́ dúrọ́ọ̀mù ṣinṣin, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ́dà sì dúró lókè, ó le gbagidi.

Màmá mi ni mo kọ́kọ́ gbé, ọjà Olúwo la lọ. Àwọn oníṣòwò ẹja tó mọ bàbá mi dá ọkọ̀ náà mọ̀ kí wọ́n tó rí ẹni tó ń wà á. Nígbà tí òjò wá rọ̀ sí ọ̀nà oko, mo fa ọ̀pá olórí pupa sẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ilẹ̀, ọkọ̀ rọra gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún mi pé irin àlòkù ni.

Bọ́ọ̀lù ìdarí tó wà lẹ́yìn táyà iwájú ló kù. Ìpẹtà ti gbẹ́ ojú méjèèjì ní kòtò kòtò, ọ́ìlì sì ń jò gba ìdí rọ́bà. Àwọn kan máa ń ki gíríìsì sí i dípò ọ́ìlì kó má baà jò, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà gan-an ni mo fẹ́ pààrọ̀. Ọ̀gá Ládípò ní ẹyọ kan tó dán, mo ti san owó rẹ̀. Èkejì ni mo ń wá.