Má gba àdúrà ìgbàlà ní ìgbà kẹtàdínlógún: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí ìdánilójú ìgbàlà

Ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ ohun tí àtúnbí jẹ́, ó sì ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí bóyá ẹni tí a ti gbà là lè padà ṣègbé. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti a-b-d. Ìdánilójú ni pé kí ènìyàn mọ̀ dájú pé a ti gba òun là. Ohun tí ó ń bíni nínú ni pé onígbàgbọ́ tuntun á fi ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá ṣòfò lórí àṣìṣe kan náà, ẹni tí ó yẹ kó tọ́ ọ sọ́nà á sì máa da epo sí iná.

1. Dída ìbéèrè méjì pọ̀. "Ṣé ìgbàlà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni?" ọ̀tọ̀ ni. "Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé èmi ti ní i?" ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti rí ìdáhùn èkíní, èkejì á tẹ̀lé e wọlé. Irọ́ ni. William Cowper tó kọ orin ìsìn wà láàárín àwọn tó gbà pé àgùntàn Kristi kankan kò lè ṣègbé. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní 1800, ó ti pẹ́ tó ti gbà pé Ọlọ́run kọ òun sílẹ̀. John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, gbà pé onígbàgbọ́ lè ṣubú pátápátá, òun náà ló sì ń wàásù kiri, lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ gbóná tó sì dá a lójú lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1738 pé a ti dárí ji òun, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń jẹ́rìí nínú ọkàn pé a ti di ọmọ. Abájọ tí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Westminster ti 1646, ìwé ìgbàgbọ́ àwọn ìjọ Presbyterian, fi fún ọ̀rọ̀ méjèèjì ní orí tirẹ̀: orí 17 fún ìforítì dé òpin, orí 18 fún ìdánilójú. Orí 18 yẹn sọ ọ́ kedere pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè dúró pẹ́ kó tó ní ìdánilójú.

2. Gbígba àdúrà ìgbàlà, èyí tí ènìyàn fi ń gba Jésù, lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí gan-an ló ń gbóná lórí mi. Oníwàásù á ní kí ẹni tí kò bá dá lójú jáde síwájú. Ẹni tó jáde lóṣù tó kọjá á tún jáde. Wọ́n á ní kó máa wí tẹ̀lé àwọn, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Ènìyàn kan ṣoṣo, ìgbàlà mẹ́rìndínlógún nínú ìwé. Ara á tù ú títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá fi bínú sí ẹnìkan ní Ọjọ́rú, iyèméjì ti dé: "Àbí n kò sọ ọ́ tọkàntọkàn ni?" Ó di ọjọ́ Àìkú, ó tún dìde.

Kò lè ṣiṣẹ́, nítorí àdúrà ara rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe Ẹni tó ń gbà á sí. Bí ìgbàlà bá dúró lórí bí a ṣe fi gbogbo ọkàn sọ gbólóhùn kan tó, kò sí ẹ̀dá tí yóò sọ ọ́ dáadáa tó tí iyèméjì kò fi ní rí ihò gbà wọlé. Agbowó-orí inú Lúùkù 18:13 sọ gbólóhùn kan, ó lọ sílé ní ẹni ìdáláre. Olè orí àgbélébùú kò sọ púpọ̀. Jésù kò ní kí èyíkéyìí nínú wọn tún un wí kó lè dán mọ́rán. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ìrìbọmi ni nǹkan bí 3,000 ènìyàn fi jẹ́rìí pé àwọn gba ọ̀rọ̀ náà. Àṣà pípe ènìyàn síwájú gan-an kò lọ́jọ́ lórí bí a ṣe rò: àga àwọn tí ọkàn wọn dàrú, ìyẹn ìjókòó iwájú fún àwọn tó ń dààmú nípa ọkàn wọn, tí oníwàásù Charles Finney sọ di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1830, ló jẹ́ kó tàn ká. N kò ní kí ẹ má pe ènìyàn jáde. Ẹ má ṣáà sọ ọ́ di ibi tí a ti ń gba ìdánilójú bí ẹni gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹni tó bá ìyàwó rẹ̀ jà kì í lọ tún ìgbéyàwó ṣe. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. 1 Jòhánù 1:9 ni onígbàgbọ́ tó ṣẹ̀ nílò: dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, má fi "gbogbo àìṣedéédéé mi" bò ó mọ́lẹ̀, bí o bá gba tẹni, dá a padà, kí o sì dìde.

Àwọn kan wà tí tiwọn ju báyìí lọ, tí wọ́n ń gba àdúrà náà nígbà ogún lójúmọ́, tí wọ́n sì ń bi gbogbo pásítọ̀ tí wọ́n bá rí ní ìbéèrè kan náà. Ìyẹn lè jẹ́ àìsàn, irú èyí tí èrò kan kì í fi ọkàn sílẹ̀. Bí o bá ṣe ń fi dá a lójú tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa le sí i lẹ́yìn ìtura ráńpẹ́. Má dáhùn ní ìgbà kọkànlélógún. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ.

3. Kíka Hébérù 6:4–6 ní òru, láìka ẹsẹ 9, níbi tí òǹkọ̀wé ti ní ohun tó dára jù ló dá òun lójú nípa wọn. Àwọn tó fẹ́ kẹ̀yìn sí Kristi ní gbangba ni ìwé náà ń kìlọ̀ fún. Àwọn kan ní onígbàgbọ́ tòótọ́ ni àwọn tó ṣubú náà. Àwọn kan ní wọ́n kàn tọ́ ọ wò ni, bí àwọn tó jáde lọ nínú 1 Jòhánù 2:19. Àwọn mìíràn ní ìkìlọ̀ náà gan-an ni Ọlọ́run fi ń di àwọn tirẹ̀ mú. Èyí ó wù kí o gbà, ìrònúpìwàdà ni ẹsẹ náà ní kò ṣeé ṣe mọ́ fún wọn. Ìwọ tí o ń sunkún wá a, ta ló bá ọ wí?

Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì: ẹ ka Máàkù 3:30, ẹ ó rí ìdí tí Jésù fi sọ ọ́: wọ́n ní ó ní ẹ̀mí àìmọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ìgbàlà kò lè sọnù, ẹ má sọ fún ẹni tó ti kọ Kristi sílẹ̀ láti ogún ọdún pé àdúrà tó gbà lọ́mọ ọdún méje ti tó. Àwọn aṣáájú ìjọ tó gbà bíi tiyín, tí wọ́n ṣèpàdé ní Dort ní ilẹ̀ Netherlands ní 1618 sí 1619, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Ọlọ́run ń pa àwọn tirẹ̀ mọ́ nínú ìgbàgbọ́, àti pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lè mú kí onígbàgbọ́ pàdánù ìmọ̀lára oore-ọ̀fẹ́ fún ìgbà kan. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ó lè sọnù, ẹ má fi gbogbo àṣìṣe ojúmọ́ pa orúkọ ènìyàn rẹ́ nínú ìwé ìyè. Àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius pàápàá, olùkọ́ ẹ̀sìn ará Netherlands tí ìpàdé Dort kọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, nínú ohun tí wọ́n kọ ní 1610, ní ó yẹ kí a tún yẹ Ìwé Mímọ́ wò sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó fi ẹnu kò.

Má fi iṣẹ́ ìyanu ṣe ẹ̀rí. Àsọtẹ́lẹ̀, lílé ẹ̀mí èṣù jáde, iṣẹ́ agbára: gbogbo rẹ̀ ni àwọn tó ń pe Jésù ní Olúwa kà sílẹ̀ nínú Mátíù 7:22, síbẹ̀ ó lé wọn.

O kò rántí ọjọ́ tí o di àtúnbí? O kò rántí ọjọ́ tí a bí ọ náà.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀. 1 Jòhánù jẹ́ orí márùn-ún, ẹsẹ 105. Jókòó kà á tán lẹ́ẹ̀kan. Fàlà sí gbogbo ibi tó ti ní "nípa èyí ni àwa fi mọ̀". Ohun mẹ́ta ni yóò máa padà wá: ohun tí o gbà gbọ́ nípa Jésù (5:1), bóyá o ń pa àṣẹ rẹ̀ mọ́ (2:3), bóyá o fẹ́ràn àwọn ará (3:14). Ìlérí ni kí o kọ́kọ́ gbé ara lé, èso ni kí o wò tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yí i padà á máa ka èso tí kò tíì gbó. Má fi ọ̀sẹ̀ kan díwọ̀n, fi ọdún kan sí méjì. Bi ẹni tí ẹ jọ ń gbé, torí ojú rẹ kò tó ẹ̀yìn rẹ.

Bí ọkàn bá ṣì ń dún lẹ́yìn gbogbo èyí, tó sì ti di aago méjì òru, pa Bíbélì dé, lọ sùn. Nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run pa òun, oorun àti oúnjẹ ló kọ́kọ́ rí gbà, ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó dé òkè tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀.