Bí ẹ ṣe lè máa dáwó ní ọ́fíìsì kó má di ẹrù síni lọ́rùn

Ẹ wò ó, nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ará ọ́fíìsì wa kún inú bọ́ọ̀sì kan wá sílé wa, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú, kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹnì kan sì ti bá mi parí rípọ́ọ̀tù tí mo fi sílẹ̀. Mi ò rántí iye tí wọ́n dá fún mi mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi ní sọ pé kẹ́ ẹ má dáwó, bá a ṣe ń dá a ló ń kó ìdààmú bá àwọn kan.

Àkọ́kọ́, ẹ yé to orúkọ sórí WhatsApp. Ẹ mọ lísìtì tí mò ń sọ: ọ̀gá 20k, madam akáǹtì 10k, á máa wálẹ̀ wálẹ̀ títí á fi kan ẹni tó kọ 1k, àwọn tó kù á wá dákẹ́ bí ẹni tó jalè. Ẹ yan ẹnì kan tẹ́nu ẹ̀ kì í jò, kó máa gbowó ní kọ̀rọ̀, àpapọ̀ nìkan ni kó kéde.

Ẹ tún ṣírò ẹ̀. Ká ní 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀ ní 2024, lẹni tó ń gbá ọ́fíìsì yín ń gbà. Lóṣù kan ṣoṣo: ìkómọ 2k, ìsìnkú 3k, ọjọ́ìbí ọ̀gá 2k, aṣọ ẹbí 18k. 25k ti lọ nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní ohun tí agbanisíṣẹ́ bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, 23,333 péré nìyẹn nínú 70,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ti yọ ju ti òfin lọ. Ẹ jẹ́ kí kálukú máa mú iye kékeré kan wá lóṣù, bí owó oṣù ẹ̀ bá ṣe tó, ká máa ti inú àpò yẹn ṣe gbogbo ẹ̀. Aṣọ ẹbí ò sí níbẹ̀ o, ẹni tó bá wù kó rà.

Àjọ yàtọ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀dáwó, owó ẹni lèèyàn ń kó. Tẹ́nì kan bá ní aláìsàn nílé, ẹ jẹ́ kó kó tiẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó kàn ní ìkọ̀kọ̀, torí ọmọ kékeré ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé rárá lójú gbogbo ayé.

Ó tún ku èyí táwọn ọ̀gá máa ń lò, "ẹbí ni gbogbo wa." Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pè wá lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹ rọra bi wọ́n pé: "Sà, tára ọmọ mi ò bá yá ní Mọ́ńdè, ta ló máa bá mi dúró sídìí iṣẹ́?" Tí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀rín ni wọ́n kàn rín, ẹ jókòó sílé yín kẹ́ ẹ fọṣọ.