Bí mo ṣe wé fíìmù 120 sórí spool 620 fún kámẹ́rà bàbá mi

Kámẹ́rà tí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní Kàdúná, Six-20 Brownie ni: àpótí dúdú kan, lẹ́ńsì níwájú, ihò pupa lẹ́yìn tí nọ́ńbà fọ́tò ti ń hàn. Nígbà tí Mọ́mì kó wá sọ́dọ̀ mi ní Kúbwà, ó wà nínú ẹrù wọn, wọ́n fi ìró wé e. Mo ní mo fẹ́ fi ya wọ́n. Wọ́n ní, "Àjàní, níbo lo ti fẹ́ rí fíìmù rẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọdún 1931 ni Kodak gbé fíìmù 620 jáde, wọ́n sì dá a dúró ní 1995. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u wò dáadáa, fíìmù náà kò kú rárá. Òun àti 120 tó ti wà láti 1901, tí wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní, ọ̀kan náà ni. Spool, ohun tí wọ́n ń wé e mọ́, ló yàtọ̀. Ti 620 tín-ín-rín, etí rẹ̀ sì kéré.

Ohun tó fún mi ní ìgboyà nìyẹn. Iléeṣẹ́ fíìmù kì í ṣe rọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń da kẹ́míkà sórí abala ọ̀rá fífẹ̀ tó gùn lọ rẹrẹẹrẹ ni, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti gbéra, owó ń lọ, ìbáà jẹ́ èèyàn mẹ́wàá ló fẹ́ rà á. Nígbà tí Polaroid, tí fọ́tò rẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀, pa fíìmù tirẹ̀ tì ní 2008, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní Impossible Project ní láti ra ẹ̀rọ tó kù ní Enschede, ní Netherlands, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tuntun po kẹ́míkà rẹ̀. Ọdún 2010 ni fíìmù wọn tó jáde. 620 kò béèrè irú owó bẹ́ẹ̀. Spool méjì àti òkùnkùn ti tó o.

Spool kan wà nínú kámẹ́rà. Ìkejì ni mo wá títí, àfi ìgbà tí mo tú agolo bọ́tìnnì Mọ́mì. Wọ́n ti wé òwú dúdú mọ́ ọn láti ìgbà pípẹ́.

Mo ra rọ́ọ̀lù 120 mẹ́ta láti Èkó, ₦16,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ̀kan kọ́ṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì bà á jẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òun ló gba èkejì là.

Lóru, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, mo fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀. Mo wé fíìmù láti orí spool 120 sórí spool òwú Mọ́mì, ìdí rẹ̀ wá bọ́ síta. Mo tún wé e lọ sórí ti inú kámẹ́rà kí orí rẹ̀ lè padà síta. Orí nìkan ni wọ́n fi tépù lẹ̀ mọ́ bébà tó bo fíìmù lẹ́yìn. Nígbà tí mo wé débẹ̀, ọwọ́ mi bá ibi tó wú bíi ikùn. Inú bébà ni fíìmù ń gbà, ọ̀nà tirẹ̀ kúrú, nítorí náà ó ṣẹ́kù. Ẹ má fipá fà á. Mo ṣí tépù náà díẹ̀díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ́ fíìmù pẹrẹsẹ, mo tún lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Fọ́tò mẹ́jọ ni. Mo ya Mọ́mì ní etí adágún Jabi, mẹ́fà jáde, ọ̀kan sì hàn débi pé mo rí ilà ọwọ́ wọn lórí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá mi fọ̀ ọ́ ní Èkó da spool nù, bẹ́ẹ̀ mo kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kí wọ́n dá a padà. Inú bí mi gan-an. Mo lè ra fíìmù mìíràn lọ́la. Spool òwú Mọ́mì ńkọ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Wuse fi ẹ̀rọ 3D tẹ méjì fún mi. Ó há, àfi ìgbà tí mo fi sáńdípépà ha etí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ti ní kí n máa bá àwọn wé tiwọn. Owó iṣẹ́ mi ₦3,000, ẹni tí kò bá mú spool wá yóò fi ₦10,000 dógò títí ó fi dá tèmi padà.

Rọ́ọ̀lù kẹta ti wà nínú kámẹ́rà báyìí. Nọ́ńbà 3 ló wà nínú ihò pupa.