Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ráútà Ilé Bá Kọ̀ Láti Wọlé Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kí ènìyàn fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì reset tó fara pamọ́ sínú ihò kékeré lẹ́yìn ráútà (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé), ní kété tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bákan náà ni èyí àti kí a pa ráútà kí a tún un tàn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí a bá pa á tí a tún un tàn, gbogbo ètò inú rẹ̀ ṣì wà ní ipò. Bí a bá tẹ reset mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, ohun gbogbo tí òṣìṣẹ́ tó wá so ó kọ sínú rẹ̀ ni yóò pa rẹ́, títí kan orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé PPPoE (èyí tí ráútà fi ń wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì) àti nọ́ńbà VLAN (èyí tó ń ya ìlà íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ lórí wáyà kan náà). Bí ìlà ilé-iṣẹ́ náà bá wá padà bọ̀ sípò lẹ́yìn wákàtí kan, ráútà yín kò ní lè wọlé mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn àfi bí àwọn ètò wọ̀nyí bá wà ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Àṣìṣe mìíràn ni láti máa wo àmì Wi-Fi lórí fóònù. Àárín fóònù àti ráútà nìkan ni àmì yẹn ń sọ nípa rẹ̀. Ó lè kún dẹ́nu nígbà tí ráútà fúnra rẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ lóde. Ẹ ṣí ojúewé ètò ráútà nínú bíráúsà, èyí tó sábà máa ń wà ní àdírẹ́sì 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, kí ẹ sì wo abala WAN, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí 0.0.0.0 bá wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò tíì fún un ní àdírẹ́sì, nítorí náà yíyí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé Wi-Fi padà kò lè ran ohunkóhun lọ́wọ́. Bí àdírẹ́sì gidi bá wà, ṣùgbọ́n tí ojúewé kankan kò ṣí, DNS, ìyẹn ètò tó ń yí orúkọ ojúewé padà sí àdírẹ́sì oní-nọ́ńbà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí; ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 ṣe àdírẹ́sì DNS kí ẹ dán an wò.

Àwọn kan a máa ki wáyà tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ wá bọ ihò LAN (èyí tó wà fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé) dípò ihò WAN. Iná ihò náà yóò tàn, èyí gan-an ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ.

Ní ti okùn fáíbà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, bí iná tí wọ́n kọ LOS sí lára bá pupa, ìmọ́lẹ̀ kò dé inú àpótí tí okùn náà wọ̀, kò sì sí ètò kankan nínú ráútà tó lè tún un ṣe. Ẹ wò ó bóyá okùn náà ti ká kọ́rọ́ níbì kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, ẹ má sì ṣe wo inú rẹ̀ láé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni ó ń gbà á kọjá, ó sì lè ṣe ojú léṣe.

Ìkánjú náà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí módẹ́ẹ̀mù (ẹ̀rọ tó ń gba ìlà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wọlé) bá dá wà lọ́tọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ẹ dúró títí iná rẹ̀ yóò fi dúró ṣinṣin, kí ẹ tó tan ráútà. Bí ẹ bá sì ń yí ètò padà, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá wá pe ilé-iṣẹ́ náà, ẹ má kàn sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́. Ẹ sọ àwọ̀ iná tí ẹ rí, àdírẹ́sì tó wà ní abala WAN, àti àkókò tí ó dáwọ́ dúró.