Ẹ̀yin Ìyá Tó Ń Lọ Wẹ Ọmọ ní Amẹ́ríkà, Ẹ Gbọ́ Tèmi

Ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ, oṣù kan kì í kọjá kí ìyá kan má jókòó síwájú ìsọ̀ mi kó ní, "Wọ́n ní kí n wá wẹ ọmọ ní Amẹ́ríkà o. Kí ni kí n dì?" Mo ti dáhùn títí. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí à ń dì kọ́ ló le jù níbẹ̀.

Ọmọbìnrin mi kàwé ní ìlú Ọba. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Iṣẹ́ ọkọ ló gbé wọn lọ sí Maryland ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí àkọ́bí wọn sí, ní ìparí oṣù kejì. Oṣù mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó lọ, mo rò pé onílé ni ọkọ ọmọ mi níbẹ̀: òyìnbó ni, òyìnbó ló sì wà ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àlejò ni òun náà. Ìyá tí ọkọ ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ará ìlú Ọba, kó mọ èyí kó tó wọ bàálù.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ ẹrù. Ẹ má di ẹran kankan, ì báà ṣe kílíṣí, ì báà ṣe pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Mo ra pọ̀nmọ́ ní Kútọ̀, mo fi aṣọ wé e dáadáa, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì dà á nù níṣojú mi. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ wà nínú ẹrù mi, nítorí náà wọn kò bu owó ìtanràn lé mi. Ohun tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ òótọ́. Ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ni wọ́n ń bu owó lé. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá yóò fẹ́ gbé ìrẹsì ọ̀fàdà. Ẹ má gbé e o. Wọn kì í jẹ́ kí èrò gbé ìrẹsì tàbí ẹ̀wà láti Nàìjíríà wọlé, nítorí kòkòrò kan tó ń jẹ ọkà, tí wọn kò fẹ́ kó dé oko wọn. Láfún, gààrí, ẹja gbígbẹ àti ewédú tí mo sá tí mo lọ̀ kúnná, ìyẹn ni mo gbé kọjá.

Ohun tó ń lo iná, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Iná tiwa bá ti ìlú Ọba mu, ó wà láàárín fóltì 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílé, ti ìlú Ọba náà ni, kò sì wọ ihò ara ògiri wọn. Ọkọ ọmọ mi gbé kẹ́tùlù oníná rẹ̀ láti ìlú Ọba dé ibẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà tó ń gba eruku. Orí sítóòfù ló ti ń se omi tíì. Ṣájà fóònù nìkan ni kò le: bí ẹ bá rí 100-240 lára rẹ̀, adápítọ̀ lásán ló kù kí ẹ rà. Kí ẹ sì gba ìwé adójútòfò ìrìn àjò kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí owó ilé ìwòsàn ibẹ̀ lè mú kí èèyàn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ni wọ́n ń fi wá ṣe níbi tí ẹ̀rọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ ni. Ní ìlú Ọba, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lè gba ìsinmi tó ọ̀sẹ̀ 52, kó sì gba owó fún 39 nínú rẹ̀. Agbẹ̀bí tún máa ń wá wo ìyá àti ọmọ nílé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1993, ọ̀sẹ̀ 12 péré ló fọwọ́ sí, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 kò tilẹ̀ sí lábẹ́ òfin náà. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọkọ ọmọ mi gan-an. Á máa kà á lórí ìka: àbúrò rẹ̀ bímọ nílé, ó jókòó ti ọmọ títí ọmọ fi fẹ́ máa rìn, ìyàwó tirẹ̀ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọmọ tó lè jókòó. Ìgbàkígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ má sọ fún un pé nílé tiwa àwọn kan máa ń padà sọ́jà kí ogójì ọjọ́ tó pé. Àárò ilé ló ń sọ ọ́. Ẹ bá a gbé ọmọ, kí ó lè sùn.

Alẹ́ kejì tí ọmọ délé, lágogo méjì òru, ó jọ lójú mi pé ara rẹ̀ gbóná. Mo ní kí bàbá rẹ̀ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara wá. Ó fi sábẹ́ abíyá ọmọ, ẹ̀rọ dún, ó kọ 98. A wo ojú ara wa. 37 lèmi mọ̀, 37 lòun náà mọ̀. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi ti ń da aṣọ bo ọmọ, nígbà tí ọmọbìnrin mi gbórí sókè lórí ibùsùn: "Fahrenheit ni o. Màámi, ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: 98.6 tiwọn ni 37 tiwa. Èyí tó yẹ kó lé yín dìde ni 100.4, tí í ṣe 38 tiwa. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá dé ibẹ̀, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o. Ẹ má fún un ní àgbo.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ti ìwé ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ 3/4 sí i, ọjọ́ tí dókítà yóò kọ́kọ́ wo ọmọ. Mo kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Ọkọ ọmọ mi náà kà á bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà ara fìríìjì. Oṣù ni Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú ọjọ́! Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni wọ́n ń wí, bí wọn kò bá sì pè wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láti rán wa létí ni, ọjọ́ náà ì bá ti fò wá. Láti ìgbà náà mo ń kọ orúkọ oṣù jáde gbangba.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwa ti kọ́ bí a ṣe ń ka ọjọ́, bí a ṣe ń pe epo ọkọ̀ ní pẹtiróòlù, ìwọ̀n ìgbóná ara kan náà la sì jọ ń lò. Nítorí náà ohun tí èmi bá ṣì mọ̀ níbẹ̀, ọkọ ọmọ mi pẹ̀lú ti ṣì í mọ̀. Kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Ẹ wá ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ti tọ́mọ níbẹ̀. Tiwa jẹ́ ìyá àgbà kan ní òdìkejì títì. Mo gbé àdìrẹ kan fún un láti kí i, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi í ní gbogbo ohun tó bá rú mi lójú.

Ó wá ku ìwẹ̀ gan-an. Kí ìwọ́ ọmọ tó já, ẹ má gbé e sínú omi. Aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi máa nù ún. Ti ọmọ wa já ní ọjọ́ kẹsàn-án. Kànhìnkànhìn tí mo gbé lọ, n kò lò ó fún ọmọ, ara rẹ̀ kò tíì gbà á. Jíjù sókè àti dídi ẹsẹ̀ ọmọ mú kó dorí kodò, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Èmi náà bá a ní ọwọ́ ìyá mi, ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ tuntun kò lágbára, ọpọlọ rẹ̀ kò sì fẹ́ mímì. Fífi òrí na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò ní wàhálà, ọmọ á tilẹ̀ sùn sí i.

Mo jókòó lórí àpótí kékeré nínú balùwẹ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi. Ọkọ ọmọ mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ilẹ̀ tó tutù. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ki ìgúnpá bọ omi. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń tọ́ omi wò nìyẹn. Èmi fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ. Ó tún ki ìgúnpá bọ̀ ọ́, ó bu omi tútù díẹ̀ sí i, èmi náà tún tọ́ ọ, mo mi orí. Ìgbà náà la tó da omi sára ọmọ. Ó figbe ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí." Ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pe oríkì náà, ohùn rẹ̀ gba ibòmíràn. Mo fi ìka kàn án lápá lẹ́ẹ̀mẹta: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Ó tún un pè. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tó fi ń pè é nígbà ìwẹ̀ kó tó bọ́ sí i, ọjọ́ náà ni mo sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ pé kó máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́ bàbá ọmọ ní ìwẹ̀ o. Ẹ̀yin yóò padà sílé, òun ni yóò kù síbẹ̀.

Ti ìyá ọmọ: bí wọ́n bá ti rán an tàbí tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ti tó, pẹ̀lú láfún àti ewédú tó gbóná. Ọmọ kò gbọdọ̀ mu omi títí yóò fi tó oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó fi máa sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Èyí ṣòro fún mi, nítorí àyà mi ni gbogbo ọmọ mi sùn lé, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e.

Ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ. A rí obì, orógbó, ataare àti oyin rà ní ìsọ̀ àwọn ará wa níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oyin kan ẹnu ọmọ. Oyin lè gbé kòkòrò àìrí kan tó ń ba ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì burú. Ọmọbìnrin mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Inú mi kọ́kọ́ bí mi, mo ní báwo ni ayé ọmọ yóò ṣe dùn láìtọ́ oyin wò. Lẹ́yìn náà mo gbé oyin sún mọ́ orí ọmọ, mo ṣàdúrà lé e, mo wá fi sẹ́nu ìyá rẹ̀. Wàrà ìyá náà ló ń mu. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ Maryland la ṣe é, agogo méjì ọ̀sán ní Abẹ́òkúta, agogo kan ní ìlú Ọba, kí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ wà lórí WhatsApp. Mo ní kí ìyá ọkọ ọmọ mi náà fi owó sínú abọ́ níwájú rẹ̀, kó sọ ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Ó sunkún kó tó lè pè é jáde.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ agogo yìí sọ́kàn. Agogo Nàìjíríà kì í yí. Ti Amẹ́ríkà ń lọ síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, ti ìlú Ọba sì dúró di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà. Nígbà òtútù, wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú Maryland, wákàtí kan la fi ṣáájú ìlú Ọba. Nígbà ooru, márùn-ún la fi ṣáájú Maryland, tiwa àti ti ìlú Ọba á wá di ọ̀kan náà. Ti ìlú Ọba ń padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, ti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Láàárín méjèèjì ni ìpè ìdílé máa ń forí gbárí.

Pípọ̀n, ẹ dúró kí ọrùn ọmọ le. Ó ku díẹ̀ kí n padà wálé ni mo tó kọ́ bàbá rẹ̀: kó tẹ̀ síwájú, kó gbé ọmọ sẹ́yìn, kó da aṣọ bò ó, kó fà á le lábẹ́ ìdí ọmọ, kó tó ki ìṣẹ́tí aṣọ bọ inú.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá wọ́n pè mí lágogo méjì ọ̀sán. Ó gbé fóònù ti ara ògiri nílé ìdáná. Àbẹ̀kẹ́ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo fi sílẹ̀, omi tíì ń hó lórí sítóòfù. Ó rọra tẹ̀ba díẹ̀ kí ọmọ má jí, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Màámi."